Súẹ́tà Pupa Lẹ́sẹ̀ Ehoro

Orí àkàbà ni Vlasta wà, tí ó ń kun etí ehoro lọ́dà, nígbà tí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan sáré kọjá lójú títì, tí ó dẹwọ́ eré lójijì, tí ó sì fẹ̀yìn rìn padà nínú eruku ara rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan bọ́ sílẹ̀. Kò pa ẹ́ńjìnì. Kò ti ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn, ó wo ehoro, ó wo àkàbà, ojú rẹ̀ sì dúró sára ọmọbìnrin tí ọ̀dà dúdú ta sí nímú.

"Eléyìí kò ní pẹ́," Vlasta sọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó mọ irú wọn. Láti kékeré ló ti ń wò wọ́n tí wọ́n ń dé tí wọ́n sì ń lọ.

Ehoro tí mò ń wí yìí kì í ṣe ẹran inú igbó. Emil Kubicek, bàbá Vlasta, ló fi irin àti sìmẹ́ńtì mọ ọ́n sí ẹ̀bá títì ní ìlú wa, Veselka, ní Nebraska. Bí a bá ka etí mọ́ ọn, ó ga ju ilé ìjọsìn wa lọ. Ilẹ̀kùn wà ní ìhà rẹ̀, àtẹ̀gùn wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún dé orí lè yọjú láti ojú ehoro, kí ó wo ipa kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn tí wọ́n ń ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn láyé àtijọ́. Màlúù ló ń fa kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn. Ipa wọn ṣì wà nínú koríko títí di òní, ó jìn bí poro.

Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà Emil ti kán. Àwọn yòókù bá tiwọn lọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, yìnyín sì bò wọ́n mọ́ inú rẹ̀. Ẹran ehoro ni wọ́n jẹ títí yìnyín fi yọ́. Ìdí nìyẹn tí Emil fi mọ ehoro, tí kò mọ nǹkan mìíràn. Ó kọ ìtàn náà sára pákó kan níwájú ehoro, ó sì gùn díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí tó wà lókè," ọkùnrin náà ké sí i, "ṣé ẹ ní aṣọ pupa?"

"Ṣé ehoro lẹ wá wò ni, àbí aṣọ lẹ wá rà?"

"Àwòrán ni mo wá yà. Àwòrán ara káàdì tí àwọn èèyàn máa ń rà lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Bí kò bá sí pupa nínú rẹ̀, wọ́n á kàn kọjá lára rẹ̀ ni. Ilẹ̀ yín yìí, koríko àti ojú ọ̀run nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ẹ tún fẹ́ bú wa mọ́ ọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì mú súẹ́tà pupa kan jáde. Vlasta sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló wọ èyí rí?"

"Gbogbo ayé. Màmá àgbà kan wọ̀ ọ́ lánàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja onírin. Ọlọ́pàá kan wọ̀ ọ́ ní Wyoming, kò bá a mu."

"Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́ rí?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní.

Vlasta wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó lọ dúró lẹ́sẹ̀ ehoro. Ọkùnrin náà tẹrí sẹ́yìn kámẹ́rà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro Vlasta níbi tó gbé e lé èékánná ehoro.

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

"Ìkùukùu ló bo oòrùn."

Vlasta wo òkè. Kò sí ìkùukùu kankan láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn.

Lyle Tolliver ni orúkọ rẹ̀. Àǹtí Ludmila, àbúrò Emil, tó ń ta kọfí àti kolache, búrẹ́dì kékeré aládùn, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ehoro, fi tipátipá mú un jókòó, ó sì fún un ní kolache tó kún fún èso pọ́ọ̀mù dídùn. Ìdúró ni Lyle ti fẹ́ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, Ludmila na píìnì kan sí i, ó sì tọ́ka sí máàpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bo ògiri. Àṣà wa nìyẹn: ẹnikẹ́ni tó bá yà sí ọ̀dọ̀ ehoro, ó gbọ́dọ̀ gún píìnì síbi tí ilé rẹ̀ wà.

Lyle di píìnì mú. Ó wo máàpù láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mi ò ní," ó ní.

"Kò sẹ́ni tí kò nílé," Ludmila fèsì.

"Inú ọkọ̀ ni wọ́n bí mi sí, àǹtí. Àwọn òbí mi ní àwọn ẹṣin onígi tó ń yípo, tí àwọn ọmọdé máa ń gùn. Wọ́n ń kó o kiri láti ìlú dé ìlú. Ìyá mi ní Ohio ni wọ́n ti bí mi, bàbá mi ní Indiana ni. Wọ́n jà sí i títí tí wọ́n fi kú."

Ó fi píìnì náà sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan àyè kékeré kan tí kò ní píìnì láàrín ọ̀pọ̀ píìnì. "Ibí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gún Veselka."

"A kì í ṣe àlejò," Vlasta dáhùn.

"Ẹ̀yin fúnra yín, ibo lẹ dé rí?"

"Lincoln, lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fẹ́ yọ eyín mi ni."

Lyle ò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó bí ẹni tó rí nǹkan tí kò retí. Bẹ́ẹ̀ ni Vlasta mọ orúkọ gbogbo ìlú tó wà lórí máàpù yẹn, nítorí òun ló ń nu eruku ara wọn. Ó mọ ibi tí òkun wà, ó mọ ibi tí aṣálẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa jó nínú bàtà.

Ìgbà tí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà ti lọ tán ló rí i pé súẹ́tà pupa ṣì wà lọ́rùn òun.

*

Ọjọ́ Àìkú ni Lyle padà wá. Ó ní nítorí súẹ́tà ni. Ludmila ní, "Ó dára, súẹ́tà nìyí, ó dàbọ̀." Lyle dúró, etí rẹ̀ sì pọ́n bí súẹ́tà náà. Nígbà tó yá, ó ní òun ń lọ ya àwòrán àpáta tí àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ gbẹ́ orúkọ wọn sí lára, òun sì nílò ẹni tí yóò wọ pupa.

"Mú un padà kí oòrùn tó wọ̀," Emil sọ láìgbójú sókè kúrò nínú kọfí rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ooru yẹn, Lyle kì í jìnnà débi tí kò fi ní lè yà sọ́dọ̀ wa. Wọ́n lọ wo ilé tí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ fi ilẹ̀ oníkoríko kọ́. Wọ́n lọ wo bọ́ọ̀lù okùn tó tóbi ju màlúù lọ, èyí tí bàbá arúgbó kan ń fi ojoojúmọ́ wé nínú àká rẹ̀, tí ó sì fún wọn ní okùn tiwọn láti wé mọ́ ọn. Ibi gbogbo ni Vlasta ti ń wọ súẹ́tà. Ibi gbogbo sì ni Lyle ti ń fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ láìpa.

"Ṣé o ò tíì kà á tán ni?" Lyle bi í níwájú àpáta. Pákó ìtàn kan wà níbẹ̀, Vlasta sì ń ka gbogbo rẹ̀.

"Àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ kí a kà á."

"Ìlà àkọ́kọ́ ni mo máa ń kà. Ibẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà."

Vlasta yíjú sí i. "Bí èmi bá jẹ́ pákó, Ọ̀gbẹ́ni Kánjú, ìlà mélòó lo máa kà lára mi?"

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko, ẹ́ńjìnì sì ń kùn lẹ́yìn wọn.

"Orí ìlà kejì ni mo ṣì wà," ó ní, "mo sì ti pẹ́ níbẹ̀, Ìyàwó Ehoro."

Vlasta fi ẹ̀rín bo ìtìjú. Ó yí padà sí àpáta, ó fi ìka tọ orúkọ ọmọdé kan tí wọ́n gbẹ́ láìdọ́gba. "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọjá lọ́dọ̀ wa," ó ní. "Wọ́n rí kẹ̀kẹ́ tiwa tó kán, wọ́n juwọ́, wọ́n lọ. Lyle, àwọn wọ̀nyí rí òkun. Àwa ni ọmọ àwọn tí kẹ̀kẹ́ wọn kán. Nígbà mìíràn, bí mo bá wà lórí àkàbà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n má sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà ilé."

"Èmi, bí mo bá ti rí fìtílà nínú fèrèsé ilé onílé, mo máa ń tẹ mọ́tò kí n lè tètè kọjá."

"Kí ló dé?"

"Kí n má bàa dúró."

Lyle di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀dà wà lábẹ́ èékánná ọwọ́ náà. Ó ní tí káàdì bá ti jáde, òun á kó àkọ́kọ́ rẹ̀ wá fún Emil, òun á sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin.

*

Ìparí ìgbà ooru ni Lyle kó àwọn káàdì náà wá. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tíì tú okùn ara páálí méjì tó gbé wá. Ó gbé wọn ka orí káńtà níwájú Emil. Ludmila nu ọwọ́, ó tú okùn kan, ó mú káàdì kan, ó ní, "Ẹ wo Vlasta wa bó ṣe pupa bí òdòdó." Lẹ́yìn náà ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún un kà.

"Lyle," ó ní, "kí lò ń pè ní Ehoro Ńlá Ìlú Harmon?"

Harmon ni ìlú tó wà níwájú wa lójú ọ̀nà. Ìkòkò kọfí onírin kan tó ga bí ilé ni wọ́n ní. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwa àti wọn ti ń jà sí ibi tí kẹ̀kẹ́ àwọn àtijọ́ gbà gan-an. Lyle já káàdì gbà. Ó tú páálí kejì. Ìkòkò kọfí Harmon ni, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé Veselka ló wà.

"Orí ìtọ́kọ̀ ni mo ti máa ń kọ orúkọ sára fíìmù," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. "Mo ń wakọ̀ lọ. Ìlú tí mo yà lọ́jọ́ yẹn pọ̀, sà. Wọ́n dàpọ̀ mọ́ mi lójú."

Emil ò pariwo. "Ehoro yẹn bọ́ bàbá mi nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́," ó ní. "O wá gbé e fún Harmon." Ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Vlasta di káàdì kan mú lọ́wọ́, ó ń wo obìnrin pupa kékeré tó wà nínú rẹ̀.

"Lyle, níbo lo ti pàdé mi?"

"Vlasta, olólùfẹ́ mi, àṣìṣe ni."

"Wọ́n dàpọ̀ mọ́ ọ lójú. Ṣé èmi náà dàpọ̀ mọ́ wọn?"

"Rárá o."

"Bí mo bá tẹ̀ lé ọ, tí mo sọnù sójú ọ̀nà, ìlú wo lo máa sọ pé kí wọ́n dá mi padà sí?"

Ó bọ́ súẹ́tà, ó jù ú sílẹ̀, ó sì lọ gun inú ehoro, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Lyle dúró nísàlẹ̀ títí. Nígbà tó rí i pé kò ní yọjú, ó wọ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò tíì kú, ó lọ. Emil padà wọlé, ó rí súẹ́tà nílẹ̀, ó sì gbé e.

*

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá bi wá pé níbo ni ìkòkò kọfí wà. Àwọn ará Harmon fi wá rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Vlasta ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé. Ó kun ibi tó ti kùn tẹ́lẹ̀. Ó máa ń jáde sẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní rántí ohun tó torí ẹ̀ jáde. Bí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan bá kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ohun tó ń nù.

Lẹ́yìn náà ni tọkọtaya kan dé láti Missouri, wọ́n mú káàdì kan lọ́wọ́. Ẹnì kan ti fi kálámù fa ìlà pa Harmon rẹ́, ó sì kọ Veselka sí i gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ pé ehoro ló bọ́ àwọn tí kẹ̀kẹ́ wọn kán títí yìnyín fi yọ́, pé ọmọ ọwọ́ wà láàrín wọn, pé ọmọ náà kò kú.

Ludmila kà á sókè. "Ìsàlẹ̀ pákó bàbá rẹ ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ yẹn wà," ó ní. "Ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá."

"Mo mọ ibi tó wà," Vlasta dáhùn, ó sì ń nu tábìlì tó ti mọ́.

Òmíràn tún ti ọ̀nà Utah dé, òmíràn láti Iowa, ìkọ̀wé kan náà. Gbogbo ilé ìtajà tó wà lójú títì ni Lyle ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dúró lẹ́bàá àtẹ káàdì tó ń tún un kọ. Ludmila fi wọ́n sára ògiri yí máàpù ká. Vlasta ṣe bí ẹni tí kò wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó máa ń kà wọ́n, òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ṣé o ti gbọ́ ti Harmon?" Ludmila sọ lọ́jọ́ kan. "Wọ́n kọ̀, wọn ò fẹ́ kó káàdì ehoro tó ní orúkọ wọn sílẹ̀ fún Lyle láti tún kọ. Ó dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n ní àfi tó bá kun ìkòkò kọfí wọn látòkè délẹ̀. Ó sì kùn ún. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìyàwó pásítọ̀ wọn ń fọṣọ fún un."

"Lyle? Ó dúró sójú kan?"

"Lórí àkàbà."

Vlasta yíjú sí fèrèsé kíá, kí àǹtí rẹ̀ má bàa rí ẹ̀rín ẹnu rẹ̀.

*

Òtútù ti bẹ̀rẹ̀, koríko sì ti gbẹ, nígbà tí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé yà kúrò lójú títì. Vlasta wà nínú orí ehoro, ó ń dí fèrèsé ojú rẹ̀ nítorí yìnyín tó ń bọ̀. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì náà kú. Ó gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tẹ́tí.

Emil wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"O pa ẹ́ńjìnì."

"Mo pa á, sà."

"Kò ní tètè jí nínú òtútù yìí."

"Kò burú, sà."

Emil da erùpẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n ní o kun ìkòkò Harmon."

"Mo kùn ún, sà."

"Ṣé ó dára?"

"Kò tó ehoro."

Emil wúkọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ ò ṣe é. "Kí lo wá fẹ́?"

"Ẹ dárí jì mí. Mo sì fẹ́ fi Vlasta ṣaya."

"O fẹ́ gbé e lọ." Emil jókòó sórí ẹsẹ̀ ehoro. Ó dàgbà lójú kan náà. "Bàbá àgbà mi dúró síbí. Èmi náà dúró. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ tó bá ti kọjá orí òkè yẹn, èmi kì í rí i mọ́. Ta ni yóò máa kun etí?"

"Èmi ló yẹ kí ẹ bi, Bàbá," ohùn kan sọ láti òkè. Ojú ehoro ni Vlasta ti yọrí. "Bí kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà yín ò bá kán, ṣé wọ́n á dúró?"

Emil ronú. Olóòótọ́ èèyàn ni. "Wọn ò ní dúró," ó ní.

"Kẹ̀kẹ́ tèmi ò tíì kán. Ẹ jẹ́ kí n lọ, Bàbá. Nígbà yìnyín nìkan ni, kò sẹ́ni tó ń yà wo ehoro nígbà yẹn. Bí koríko bá ti hù, màá ti wà lórí àkàbà. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú etí tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí." Lẹ́yìn náà ó wo Lyle. "Ìwọ. Níbo lo ti pàdé mi?"

"Ní Veselka, ní Nebraska," Lyle dáhùn. "Lórí àkàbà. O ta ọ̀dà dúdú sí imú. Kò sì sí ìkùukùu rárá lọ́jọ́ náà."

Emil dìde, ó wọnú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀, Lyle sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tó jáde, súẹ́tà pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ti rán ìgúnpá rẹ̀ tó ya.

"Ó yẹ kí ẹnì kan ti fọ̀ ọ́," ó ní. "Vlasta, sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ wà."

*

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ti ṣègbéyàwó kí yìnyín tó di ọ̀nà. Àwọn ará Harmon fi ìkòkò kọfí kékeré kan ránṣẹ́. Ludmila sun kolache títí ìyẹ̀fun fi tán ní Veselka, ó sì di ìyókù sínú ọkọ̀.

Wọ́n gba ìhà gúúsù lọ, níbi tí oòrùn ṣì wà. Vlasta ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń ka gbogbo pátákó sókè, ó ń sọ fún Lyle pé kí ó dúró níbí, kí ó yà síbẹ̀ yẹn, Lyle sì ń yà. Ó rí ilẹ̀ pupa. Ó rí ilé amọ̀ àwọn ará àtijọ́ lẹ́nu ihò àpáta, ó sunkún díẹ̀, kò mọ ìdí rẹ̀.

Ní New Mexico, wọ́n yà sí ilé kékeré kan tí ìyá arúgbó kan kó egungun àwọn ẹranko ayé àtijọ́ sí. Máàpù kan wà lára ògiri rẹ̀, píìnì sì kún ara rẹ̀.

"Níbo nilé yín?" ìyá náà bèèrè, ó na àwo píìnì sí wọn.

Vlasta gbé ọwọ́ kúrò lára àwo náà. Ó dúró.

Lyle ò mú píìnì nínú àwo. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó mú èyí tó ti ń gbé kiri láti ìgbà ooru jáde. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá Nebraska, ó fi ìka tọ ojú ọ̀nà náà, ó kọjá Harmon, ó sì gún un.

"Veselka?" ìyá náà fi ojú sún mọ́ ọn. "Mi ò gbọ́ ọ rí. Kí ló wà níbẹ̀?"

Níta, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé dúró nínú oòrùn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti tutù. Lyle wo ìyàwó rẹ̀ nínú súẹ́tà pupa. Ó fa àpótí ìjókòó kan sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó.

"Kẹ̀kẹ́ kan ló kán, màmá," ó bẹ̀rẹ̀.